Nígbà Tí Ìṣọ́ra Ọmọ Wa Bá Di Àìsàn

  Ọ̀rọ̀ ìlera tí a mú wá lónìí kan àwọn ọmọ wa tó ti gba ìwé ẹ̀rí BAC, tí wọ́n ti di ẹrù wọn kúrò nílé, tí wọ́n wà ní yunifásítì báyìí, ní Kalavi, ní Parakou, ní Lomé tàbí níbòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rírun. Àìsàn kan ni tó máa ń wọlé wá bí ìwà rere. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kí ìyá tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ni kò fẹ́ ọmọ tó mọ́ tónítóní? Ta ni kò fẹ́ ọmọ tó ń tún iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la máa ń fi yangàn lọ́jà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì.

Ní àárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó rìn dé ìta. Ọkàn rẹ̀ ní: "Ṣé o tì í lóòótọ́?" Ó padà lọ wò ó. Ó tì. Ó tún jáde, ó tún padà. Ó lè padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tó máa fi dé kíláàsì, olùkọ́ ti ń parí ọ̀rọ̀. Ní alẹ́, ojú ewé kan ṣoṣo ló ń kà láti aago mẹ́jọ títí di aago mọ́kànlá, torí pé gbogbo ìgbà tó bá kà á tán, ọkàn rẹ̀ á sọ pé kò kà á dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó nítorí ọṣẹ. Owó oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ yọ nínú èrè gàrí fi ránṣẹ́, ọṣẹ àti omi ló ń ná an lé lórí. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò bọ́gbọ́n mu. Ojú ń tì í, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ sì wà lọ́jà, ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ tèmi kì í fi ìwé ṣeré o!"

Kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó là ń bá wí. Irú rẹ̀ wà káàkiri ayé.

Kí ni àìsàn yìí?

Apá méjì ló ní. Apá kìíní ni èrò tó ń já wọ inú ọkàn láìjẹ́ pé ènìyàn pè é. Èrò náà máa ń kó ẹ̀rù wá, tàbí ìríra, tàbí iyèméjì. Ènìyàn á lé e, kò ní lọ. Apá kejì ni ohun tí ènìyàn ń ṣe láti fi pa èrò náà lẹ́nu mọ́: á fọ ọwọ́, á yẹ ilẹ̀kùn wò, á ka nǹkan, á tò ó, á tú u, á tún un tò. Bó bá ti ṣe é, ọkàn á balẹ̀ díẹ̀. Kò ní pẹ́, èrò náà á tún dé, á sì tún fẹ́ kó ṣe é. Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé máa ń pè é ní TOC. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, àìsàn àṣetúnṣe la ó máa pè é.

Kì í ṣe ọwọ́ fífọ̀ nìkan o. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé òun kò pa iná gáàsì, ilé á jó. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé òun á ṣe ẹni tí òun fẹ́ràn léṣe. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èrò ọ̀rọ̀ àfojúdi sí Ọlọ́run bá já wọ ọkàn rẹ̀, á tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí àwọn yòókù á fi kúrò níbẹ̀. Àwọn míràn wà tí ẹ kò ní rí wọn kí wọ́n ṣe ohunkóhun rárá, torí inú ọkàn ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n ń ka oókan dé eéje, wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìfọhùn. Ẹ rò pé ó dákẹ́ ni. Kò dákẹ́ o, iṣẹ́ ló ń ṣe nínú.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èrò burúkú yìí bà yín lẹ́rù. Gbogbo wa ló ní in. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rachman àti de Silva, bi àwọn ènìyàn tí kò ṣàìsàn léèrè nípa irú èrò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sọ pé irú rẹ̀ máa ń wá sí àwọn náà lọ́kàn. Ìyá ọmọ tuntun lè dúró létí kànga, kí èrò kan sọ pé: "Bí mo bá ju ọmọ yìí síbẹ̀ ńkọ́?" Ara rẹ̀ á gbọ̀n, á fa ọmọ mọ́ra, á bá tirẹ̀ lọ. Ó tán.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ni ọ̀rọ̀ yìí máa yé jù. Látàárọ̀ dalẹ́, mélòó ló ń kọjá níwájú àtẹ yín? Olówó ń kọjá, wèrè ń kọjá, olè náà ń kọjá. Kì í ṣe gbogbo wọn lẹ ń pè jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni èrò ṣe ń kọjá lọ́kàn wa. Ẹni tí àìsàn yìí bá mú ló máa ń dìde sí gbogbo ẹni tó bá kọjá, á dì í lápá mú, á ní: "Kí lo wá ṣe níbí? Àbí èmi ni mo pè ọ́? Àbí ènìyàn burúkú ni mí?" Bó ṣe ń bá a jà ni onítọ̀hún kò ṣe ní lọ.

Ìwà wo ló sún mọ́ ọn?

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ìwà kan wà tí àmì àìsàn àṣetúnṣe sábà máa ń bá rìn.

Ìkíní ni ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń tètè já. Ohun kékeré tó bá ṣẹlẹ̀, kò ní sùn.

Ìkejì ni ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré. Bó bá gba 16 nínú 20, ẹkún ni, nítorí 4 tó kù.

Ìkẹta ni ẹni tó ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú lójú ọ̀nà, á ní òun ló yẹ kí òun ti kó òkúta ibẹ̀ kúrò.

Ìkẹrin ni ẹni tí kò lè fara da "bóyá." Ó gbọ́dọ̀ dá a lójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ayé tí a wà yìí, mélòó ló dáni lójú? Ẹni tó ń ta tòmátì mọ̀ pé òun kò mọ̀ bóyá ó máa tà kó tó bàjẹ́, síbẹ̀ ó gbé e lọ sọ́jà.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Ìwà kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní ìwà wọ̀nyí, tí àìsàn yìí kò ní mú wọn láéláé. Ó dà bí ilẹ̀ tó lọ́ràá: ilẹ̀ nìkan kì í hu àgbàdo, àfi kí irúgbìn àti òjò bá a pàdé. Irúgbìn náà, ó lè wá láti inú ẹbí. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní àìsàn yìí, ó rọrùn díẹ̀ kó mú òun náà. Òjò rẹ̀ ni wàhálà ayé.

Wàhálà yẹn ló sì kún yunifásítì. Ọmọ tí ẹ̀yin ń jí, tí ẹ ń bu oúnjẹ fún, ó ti wà ní yàrá kan ṣoṣo báyìí. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń fọ ọwọ́ fún wákàtí kan. Ìdánwò ń bọ̀, oorun kò tó, owó kò tó, ó sì mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń wo òun. Ọjọ́ orí náà tún wà níbẹ̀: àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 25. Nínú 100 ènìyàn, bíi 2 tàbí 3 ni àìsàn yìí máa ń mú nígbà kan nínú ayé wọn. Ẹ ka àwọn àtẹ tó wà ní ọjà yín, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí wa.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ti kúrò ní ìwà?

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ dì mú.

Ìkíní: wákàtí mélòó ló ń gbà? Bí èrò yìí àti àṣetúnṣe rẹ̀ bá ń gbà ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, ó ti tó kí dókítà gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìkejì: ṣé inú ọmọ náà dùn sí i? Ọmọ tó kàn fẹ́ràn ìmọ́tótó, á gbálẹ̀ tán, á jókòó, á rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí àìsàn mú, á gbálẹ̀ tán, á máa sunkún, torí ó fẹ́ dúró ṣùgbọ́n kò lè dúró.

Ìkẹta: kí ló ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ó ń pẹ́ dé kíláàsì? Ṣé kì í lè kọ ìdánwò rẹ̀ parí torí ó ń pa ohun tó kọ rẹ́, ó ń tún un kọ? Ṣé ó ti ń sá fún ọ̀rẹ́, fún oúnjẹ, fún wíwọ ọkọ̀? Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa lè gba òdo nínú ìdánwò nítorí àìsàn yìí. Àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ọkùnrin ló gbé e lọ́kàn lọ.

Ohun tí kò fà á

Kì í ṣe wèrè. Ọmọ náà mọ ibi tó wà, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé inú ọkàn òun fúnra rẹ̀ ni èrò náà ti ń jáde. Kì í ṣe pé ìyá kò tọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe àìgbàgbọ́ pẹ̀lú. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní wáswáàsì, iyèméjì tó ń mú kí ènìyàn tún àlùwàlá ṣe léraléra. Onímọ̀ Mùsùlùmí kan, Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 934, ti kọ̀wé lórí ìlera ara àti ti ọkàn, ó sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa èrò burúkú tí kì í fi ènìyàn sílẹ̀. Láàárín àwọn Kátólíìkì, Ignatius ti Loyola, tí wọ́n kà kún ẹni mímọ́, jìyà irú èyí ní Manresa, nílẹ̀ Sípéènì, ní ọdún 1522. Á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán, á tún rò pé òun kò jẹ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, á tún padà lọ jẹ́wọ́. Ṣé a lè sọ pé àwọn yìí kò gbàgbọ́?

Ẹ gbàdúrà fún ọmọ yín, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ebi pa á lórúkọ ìwòsàn. Ẹ má sì ta aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ yín tán lórí ètùtù kí ẹ tó rántí dókítà.

Ibi tí ọwọ́ ìyá wà

Níbí yìí ni kí ẹ tẹ́tí sí jù, torí ìfẹ́ ìyá lè máa bọ́ àìsàn yìí láìmọ̀.

Ọmọ á pe ìyá lórí fóònù: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo fọwọ́ kan nǹkan kan lọ́jà. Ṣé kò ní pa mí?" Ìyá á dáhùn: "Rárá, ọmọ mi, kò lè pa ọ́." Ọkàn ọmọ á balẹ̀. Kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù á tún dún: "Màámi, ṣé ó dá yín lójú?" Ìyá á búra. Á tún pè. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìyá ti dáhùn ìbéèrè kan náà nígbà ogún. Ewúrẹ́ tí ẹ fún ní èèpo iṣu lánàá, ṣé kò ní padà wá lónìí? Bí ẹ bá tún fún un lónìí, á mú ọmọ rẹ̀ dání lọ́la. Iyèméjì inú àìsàn yìí kì í yó. Ìdáhùn yín ni oúnjẹ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó ń bá ọmọ yẹ ilẹ̀kùn wò, tó ń bá a fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, tó ń ní kí àwọn àbúrò má fọwọ́ kan ohun rẹ̀ kó má bàa bínú. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá ti ń jó sí ìlù àìsàn náà, ìlù náà kò ní dákẹ́.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ jókòó ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ jọ ṣe àdéhùn. Ẹ má kàn já ìdáhùn gé lójijì, á dà bíi pé ẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ pé: "Ọmọ mi, àìsàn yìí ló ń bi mí, ìwọ kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa dáhùn. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, mi ò ní dáhùn mọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé fóònù sílẹ̀." Nígbà tó bá wá pè, ẹ sọ pé: "Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó le, mo mọ̀. Jẹ́ ká dúró tì í díẹ̀. Kí lo jẹ lónìí?" Ẹ má bú u. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má sọ pé "Ṣáà dáwọ́ dúró!" Bó bá lè dáwọ́ dúró bẹ́ẹ̀ ni, ì bá ti dáwọ́ dúró tipẹ́.

Ìwòsàn wà

Oríṣi méjì ni, wọ́n sì lè jọ rìn. Ìkíní ni ìtọ́jú tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọkàn ń ṣe pẹ̀lú aláìsàn. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà gan-an rò pé àìsàn yìí kò gbóògùn. Ní ọdún 1966, Victor Meyer, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ bí òun ṣe tọ́jú àwọn aláìsàn méjì nípa jíjẹ́ kí wọ́n dojú kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, láìjẹ́ kí wọ́n ṣe àṣetúnṣe wọn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti tàn kálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, láti orí kékeré dé orí ńlá. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré: á fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò ní fọ ọwọ́, á jókòó ti ẹ̀rù náà. Ẹ̀rù á gòkè. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ara á kọ́ pé òun kò kú. Lọ́la, á tún ṣe é. Bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ́ bí a ṣe ń ru ẹrù lórí ni: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọrùn á dunni, nígbà tó bá yá, a ó máa rìn, a ó máa sọ̀rọ̀.

Ìkejì ni oògùn. Fluoxetine àti sertraline wà lára àwọn tí dókítà máa ń kọ. Wọn kì í ṣiṣẹ́ bíi oògùn orí fífọ́ o. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí a tó rí iṣẹ́ wọn dáadáa. Nítorí náà, kí ọmọ má sọ ọ́ nù ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò ṣiṣẹ́. Bí ara bá sì yá, kó má dá a dúró lójijì láìjẹ́ pé dókítà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra á lórí àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà.

Níbo la ó lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí wọ́n júwe ọ̀nà. Ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba fún àìsàn ọkàn wà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Jacquot. Ní Tógò, Zébé wà nítòsí Aného. Mo mọ̀ pé orúkọ wọ̀nyí ń já àwọn ènìyàn láyà, wọ́n á ní: "Ṣé wọ́n á ní ọmọ mi ya wèrè ni?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ. Kì í ṣe àwọn ló ń san owó ilé ìwé rẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn ló ń sunkún lóru.

Ìbéèrè táwọn ìyá máa ń bi wá

Ṣé ó máa san pátápátá? Ọ̀pọ̀ ló ń rí ìtura gidi, tí wọ́n ń parí ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ó lè tún yọjú nígbà wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń bá a lò kò ní bẹ̀rù rẹ̀ bíi tàkọ́kọ́.

Ó sọ pé èrò kan ń sọ fún òun pé kí òun ṣe àbúrò òun léṣe. Ṣé kí n lé e jáde? Ẹ má lé e o. Nínú àìsàn yìí, èrò tí ènìyàn kórìíra jù ló ń dà á láàmú. Bí ó ṣe ń gbọ̀n nítorí rẹ̀ fi hàn pé kò fẹ́ ẹ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ fún yín, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣé ká mú un kúrò níléèwé? Ẹ má kánjú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ lè jọ máa lọ.

Ìgbà wo la kò gbọ́dọ̀ dúró? Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tí kò jẹun, tí kò sùn mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá pa àtẹ dé lónìí, ẹ pe ọmọ yín tó wà ní yunifásítì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò. Ẹ bi í pé: "Ṣé o ń sùn? Ṣé nǹkan kan wà tó ń dà ọ́ lọ́kàn rú, tí ojú ń tì ọ́ láti sọ?" Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Bó bá sọ ọ́, ẹ má pariwo, ẹ má sọ ọ́ dọ̀rọ̀ ọjà. Ọmọ tó bá ti rí ìyá sọ ọ́ fún ti gba ìdajì ẹrù náà kúrò lórí.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ire o.